Hamlet ní Kàbà: Iyèméjì Tí Ẹgbẹ́ Òṣèré Kan Fẹ́rẹ̀ẹ́ Sọ Nù

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ láti Ìyàrá lọ sí Kàbà láti wo eré Hamlet, tí ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń káàkiri ìlú gbé wá sínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. ₦2,000 ni àgbàlagbà ń san lẹ́nu ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń san ₦1,000. Kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní eré yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n n kò rí i lórí ìtàgé lédè Yorùbá rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé lọ: ǹjẹ́ àwọn òṣèré wọ̀nyí yóò jẹ́ kí a mọ ohun tó mú kí ọmọ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ dá ọwọ́ dúró kí ó tó gbẹ̀san, àbí ńṣe ni wọn yóò sọ ọ́ di ọ̀lẹ lójú wa? Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ" yẹn lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi sú mi, mo sì ti kà á nínú àwọn ìwé àlàyé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún onídánwò. N kò gbà á rí.

Fún ẹni tí kò bá ka eré náà rí, bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ nìyí. Shakespeare kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1600, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1603. Ọba ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì kú lójijì, àbúrò rẹ̀ Claudius gorí oyè, ó sì fẹ́ Gertrude, opó ọba. Lóru ọjọ́ kan, òkú ọba fara han Hamlet ọmọ rẹ̀ lórí odi ààfin Elsinore. Ó ní ejò kọ́ ló bu òun ṣán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ fún ará ìlú, pé àbúrò òun ló da májèlé sí òun létí nígbà tí òun sùn sínú ọgbà, ó sì pàṣẹ fún ọmọ náà pé kí ó gbẹ̀san òun.

Shakespeare kọ́ ló dá ìtàn náà sílẹ̀, ibi tí ó sì ti yí i padà ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Nínú ìwé ìtàn ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì tí Saxo Grammaticus kọ lédè Látìnì ní nǹkan bí ọdún 1200, Amleth ni wọ́n ń pe ọmọ náà, kò sì sí òkú kankan tó wá bá a sọ̀rọ̀ lóru. Kò nílò rẹ̀, nítorí ẹni tó pa bàbá rẹ̀ kò fi ṣe àṣírí. Àwáwí ló ń ṣe fún aráyé, pé òun fẹ́ gba ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́ ọkọ burúkú ni. Ohun tí Amleth ń wá kò ju ọgbọ́n tí yóò fi wà láàyè títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tó ọ̀tá rẹ̀. Nínú eré Shakespeare, ìpànìyàn náà wà nínú òkùnkùn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà, ẹlẹ́rìí náà sì ti kú. Àwọn àgbà wa kò sì fi ọ̀rọ̀ náà bò: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọmọ tí wọ́n ní kí ó pa arákùnrin bàbá rẹ̀ nítorí ohun tí òkú sọ fún un lóru, tí kò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó yọ idà, ṣé àwa ni yóò pè é ní akọni?

Ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ yìí ti kọ́kọ́ ṣìnà, ohun tó rẹwà jù lọ nínú eré wọn ló sì ṣì wọ́n lọ́nà. Nínú ìwé, ìhámọ́ra ogun ni òkú ọba wọ̀ jáde láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn òṣèré yìí bọ́ ìhámọ́ra náà kúrò, wọ́n sì fi irú aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní ilẹ̀ Bùnú láyé àtijọ́ wọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn olóyè, tí ó sì máa ń wà lára ẹ̀kú egúngún. Nígbà tí ó yọ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín àga, tí iná kan ṣoṣo ń tẹ̀ lé e, tí etí aṣọ náà ń wọ́ lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú ìró bí ìgbà tí a ń gbá ewé gbígbẹ, ọkùnrin àgbàlagbà kan ní iwájú mi ṣí fìlà rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ara èmi náà bù mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ibẹ̀ ni iyèméjì ti kú. Lọ́dọ̀ àwa ará Okun, Yorùbá agbègbè Kàbà yìí, ẹni tó bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jáde, bàbá ni. A kì í bi bàbá léèrè bóyá òótọ́ ló ń sọ. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, gbogbo gbọ̀ngàn ti dá Claudius lẹ́bi, gbogbo ìdádúró tí Hamlet bá tún ṣe sì di ìfàsẹ́yìn lásán lójú wọn.

Nínú ìwé, Hamlet sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀mí tí òun rí lè jẹ́ èṣù tó gbé àwòrán bàbá òun wọ̀, tó fẹ́ lo ìbànújẹ́ òun láti fi pa òun run. Ẹgbẹ́ yìí gé ọ̀rọ̀ náà kúrò. Wọ́n tún gé ohun mìíràn tó kéré lójú ṣùgbọ́n tí kò kéré, èyíinì ni pé Wittenberg ní ilẹ̀ Jámánì ni Hamlet ti ń kàwé. Wittenberg ni Martin Luther ti bẹ̀rẹ̀ àtakò rẹ̀ sí ìjọ Róòmù ní 1517. Òkú ọba ní òun wà níbi tí iná ti ń jó ẹ̀ṣẹ̀ òun mọ́, bẹ́ẹ̀ ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà ayé Shakespeare ti kéde pé kò sí irú ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Wittenberg tí òkú sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ní ìdí tó lágbára láti ṣiyèméjì. Bí wọ́n bá rò pé ọ̀rọ̀ ìjọ àtijọ́ yìí yóò jìnnà sí àwa ará Kàbà, ó yẹ kí wọ́n rántí pé àwọn bàbá ńlá wa náà kì í gba gbogbo ohun tí òkú bá wá sọ lójú àlá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Wọn a lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọn a sì bèèrè. Eré tí Hamlet ní kí àwọn òṣèré arìnrìn-àjò ṣe níwájú ọba, nínú èyí tí wọ́n ti da májèlé sí ẹni tó sùn létí, kí òun lè máa wo ojú Claudius, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe pé ọmọ náà ń dá Ifá tirẹ̀?

Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n lórí ohun kan tí mo rò pé yóò dà wọ́n láàmú tí wọ́n sì rí ọgbọ́n dá sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, èèwọ̀ ni kí ọkùnrin fẹ́ opó arákùnrin rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń bí Hamlet nínú. Lọ́dọ̀ wa, opó ṣíṣú kì í ṣe ohun tuntun, àwọn ìyá tó jókòó nítòsí mi sì ń bi ara wọn léèrè nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ pé bí àbúrò ọkọ bá ṣú opó, kí ló burú níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò bá wọn jiyàn. Ńṣe ni wọ́n gbé aṣọ ọ̀fọ̀ Gertrude kọ́ sórí okùn kan lẹ́bàá ìtàgé, aṣọ dúdú tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ sì jáde nínú aṣọ ìyàwó. Oṣù méjì kò tíì pé tí ọba kú. Nígbà tí àwọn ìyá náà rí aṣọ yẹn, ẹnu wọn wọlẹ̀. Wọ́n mọ̀ láìsí àlàyé pé ìkánjú ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò ni ibi tí Claudius ti gbìyànjú láti gbàdúrà. Òṣèré náà bọ́ adé rẹ̀, ó gbé e sórí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá Ọlọ́run lè dárí ji ẹni tó ṣì ń jẹ èrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí adé ṣì jẹ́ tirẹ̀, ayaba sì wà nínú ilé rẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún a yà lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan adé náà, a sì fà á padà bí ẹni tí iná jó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò fà á padà mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì bo ojú rẹ̀, ọ̀tún sì wà lórí adé. Ìgbà yẹn ni Hamlet wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tí ó gbé idà sókè. Àga mi kò jìnnà, mo rí òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn Claudius lábẹ́ iná, mo sì rí i pé idà náà ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń kígbe pé, "Pa á! Pa á!" Ìyá àgbàlagbà tó wà lọ́tùn-ún mi ń sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni òṣèré náà, pé, "Má pa á níbi àdúrà."

Kò pa á. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fi dáwọ́ dúró ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ju kí ó pa á lọ, mo sì dúpẹ́ pé òṣèré yìí kò fi ohùn àánú sọ ọ́. Ó ní bí òun bá pa ọba nísinsìnyí tó ń ronú pìwà dà, ọ̀run ni yóò lọ tààrà, nígbà tó jẹ́ pé bàbá òun kú láìrí àyè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó fẹ́ dúró di ìgbà tí ọba bá mutí yó, tàbí tí ó bá wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè já sí ọ̀run àpáàdì. Ọmọ tó ń bẹ̀rù pé kí òun má pa aláìṣẹ̀ ti di ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga Ọlọ́run. Òkú ọba pàápàá ti sọ fún un pé kí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀run. Fìjà f'Ọ́lọ́run jà, fọwọ́ lérán, ìyẹn lórí ti Gertrude. Kò sọ irú rẹ̀ lórí ti Claudius. Bí Hamlet sì ti jáde ni Claudius dìde, ó gbé adé rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun nìkan ló gòkè, pé ọkàn òun kò kúrò nílẹ̀. Àdúrà náà kò gbà rárá. Òṣèré náà sọ èyí láìsí ariwo, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku kúrò lára adé. Gbọ̀ngàn dákẹ́ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n kánjú níbi tí kò yẹ kí wọ́n kánjú. Kò pẹ́ tí Hamlet kúrò lẹ́yìn ọba tó kúnlẹ̀ ni ó dé yàrá ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ènìyàn lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó rò pé Claudius ni, ó sì fi idà gún un láìwo ojú rẹ̀. Polonius ni, olùdámọ̀ràn ọba, bàbá Ophelia tí Hamlet ń fẹ́. Ibẹ̀ ni Shakespeare ti dáhùn ìbéèrè àwọn tó ń pe Hamlet ní ọ̀lẹ: ìgbà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju iyè rẹ̀ lọ, ẹni tí kò pa bàbá rẹ̀ ni ó pa. Nínú eré ti Kàbà, ikú náà kò gbà ju bí ẹní sín lọ. Polonius ṣubú pẹ̀lú aṣọ ìkélé náà lórí, wọ́n wọ́ ọ kúrò, àwọn kan lẹ́yìn sì rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú aṣọ. N kò dá àwọn tó rẹ́rìn-ín lẹ́bi. Ìbá ṣe pé òkú Polonius wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ àti ìyá fi ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bó ti rí nínú ìwé, ẹ̀rín yẹn ì bá kú fúnra rẹ̀.

Laertes, ọmọ Polonius, ni wọ́n fi ṣe òdìkejì Hamlet, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Òun náà ni wọ́n pa bàbá rẹ̀. Òun kò bèèrè ohunkóhun: ó kó èrò lẹ́yìn wọ ààfin, ó ní inú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ni òun yóò ti dúńbú Hamlet, ó sì fi májèlé tí òun fúnra rẹ̀ rà pa ojú idà. Claudius tó ń gbà á níyànjú ni ẹni tó mọ̀ jù lọ pé òun fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi ohun gbogbo. Ohun tí Laertes fi ìkánjú rẹ̀ jèrè ni pé ó di irinṣẹ́ lọ́wọ́ apànìyàn.

Mo ní ẹjọ́ kan láti bá wọn rò lórí ọ̀rọ̀ tí Hamlet bá ara rẹ̀ sọ nígbà tí ó rí àwọn ọmọ ogun Fortinbras, ọmọ ọba ilẹ̀ Nọ́ọ́wè, tí wọ́n ń lọ jà ní ilẹ̀ Pólàńdì nítorí ilẹ̀ kékeré kan tí kò tó láti sin àwọn tí yóò kú lórí rẹ̀. Wọ́n gé e pátápátá. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gbèjà ara wọn, nítorí kò sí nínú ìwé ńlá tí wọ́n tẹ̀ ní 1623, inú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1604 sí 1605 ni ó wà. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n dá a padà, nítorí ibẹ̀ ni Hamlet ti ń jowú àwọn tí kì í bèèrè ìdí kí wọ́n tó pa ènìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí pe iyèméjì rẹ̀ ní ojo. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò ní mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe le tó lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ó yí ìwé tí Claudius fi ní kí wọ́n pa á padà tí ó sì rán Rosencrantz àti Guildenstern, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe, lọ sí ikú wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó tún ní ọ̀rọ̀ wọn kò sún mọ́ ẹ̀rí-ọkàn òun.

Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rí-ọkàn, ni ẹni tó túmọ̀ eré yìí lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níbikíbi tí Hamlet bá ti sọ̀rọ̀ ohun tó ń dá ọwọ́ ènìyàn dúró, mo sì fẹ́ kí ẹni náà mọ̀ pé mo ṣàkíyèsí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tí èdè wa ní níbẹ̀. Gbogbo eré náà ni ọmọ yìí fi ń wá ẹ̀rí níta, lójú ọba, lẹ́nu òkú, lọ́wọ́ àwọn òṣèré. Èdè Yorùbá sì sọ fún un pé ẹ̀rí kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí mo gbọ́ ọ ni ó tó dún ní etí mi bí ó ti yẹ. Mo tún gbádùn bí wọ́n ṣe fi èdè Owé sẹ́nu àwọn tó ń gbẹ́ sàréè, ìdùnnú sì ṣubú layọ̀ nínú gbọ̀ngàn nígbà tí ará Kàbà gbọ́ èdè ilé.

Ní ti ètò, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá bẹ̀ wá. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé jù. Orin tí Ophelia ń kọ nígbà tí orí rẹ̀ dàrú, tí ó yẹ kí ó já wa ní ọkàn, ẹnu rẹ̀ nìkan ni a rí tó ń mì. Eré tí a bá ka gbogbo rẹ̀ lórí ìtàgé a máa lé ní wákàtí mẹ́rin, wọ́n sì gé e sí bíi mẹ́ta, èyí tó bójú mu fún ẹni tó fẹ́ rí ọkọ̀ padà sílé. Mo gba àwọn tíṣà Ìjùmú àti Yàgbà níyànjú pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ wò ó bí ẹgbẹ́ náà bá tún kọjá ní agbègbè wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kà fún wọn, nínú ìwé, ibi tí Hamlet ti ní ẹ̀mí náà lè jẹ́ èṣù.

Nígbà tí a ń jáde, ìyá tó jókòó lọ́tùn-ún mi dì mí lápá mú. Ó ti gbọ́ pé tíṣà ni mí. Ó ní, "Tíṣà, bàbá tí wọ́n gún lẹ́yìn aṣọ yẹn, ta ló sin ín?" Mo sọ fún un pé ọba ní kí wọ́n sin ín ní ìkọ̀kọ̀ ni, ní kánmọ́kánmọ́, láìsí ẹ̀yẹ kankan, pé ìyẹn sì wà lára ohun tó mú Laertes ya wèrè nígbà tí ó dé. Ó dúró, ó wo ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kó àga. Ó ní, "Kí ló dé tí wọn kò fi hàn wá?"

N kò ní èsì fún un. Ìlà kan tàbí méjì ni ì bá ná wọn.